Iṣẹ́ Olùkọ́ Kò Ní Bádàlì

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀, wọn ò sì parọ́. Àmọ́ wọn ò sọ pé kéèyàn rán ẹlòmíì lọ sọ́jà, kó wá jókòó sílé kó máa sọ pé òun lòun ná an. Ẹ̀yin èèyàn wa ní Jẹ́dà àti Mẹ́kà, àti ẹ̀yin ará ilé tí ẹ ń gbọ́ ohùn wọn lórí fóònù, ìtàn Àlàájà Jelilat la fẹ́ sọ fún yín. Kò dùn mọ́ wa láti sọ ọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló ní ká sọ ọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀ kan ni. Wọ́n ti kírun dé, òórùn àkàrà sì ti gba gbogbo ilé Àlàájà Jelilat ní àdúgbò Al-Ammariyah ní Jẹ́dà. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti fi ń ṣiṣẹ́ ní láàbù ilé ìwòsàn kan ní Jẹ́dà, tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn tí kò rí ojú wọn rí wò. Bí ìgò ẹ̀jẹ̀ bá lè kí èèyàn, ì bá ti sọ pé òun lọ́rẹ̀ẹ́ níbi iṣẹ́.

Nídìí tábìlì ìdáná rẹ̀ ni Hikmah jókòó sí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Hikmah, Jẹ́dà ni wọ́n bí i sí, àárín yàrá tí èrò kún fọ́fọ́ ní àdúgbò Karantínà ló sì ti dàgbà. Ìyá rẹ̀ ń bá àwọn èèyàn dáná. Ọjọ́ Jímọ̀ ni Hikmah máa ń gbé ìwé kẹ́mísìrì rẹ̀ wá sọ́dọ̀ Àlàájà.

"Hikmah, wo àwo yìí. Àkàrà mélòó ló wà nínú ẹ̀?"

"Talata." Lárúbáwá lọmọ náà fi dáhùn, bí àwọn ọmọ tí a bí síbẹ̀ ṣe máa ń ṣe.

"Mẹ́ta. Ó dáa. Tí mo bá dà wọ́n sínú àwo kejì, ṣé wọ́n lè di mẹ́rin lójú ọ̀nà?"

"La, ya khala! Rárá, àǹtí mi!" Hikmah rẹ́rìn-ín.

"Ṣé wọ́n lè di méjì?"

"Àyàfi tí mo bá jẹ ọ̀kan."

"Má jẹ ẹ́ ná. Bí kẹ́mísìrì ṣe rí nìyẹn. Iye tó wà lápá ọ̀tún lo gbọ́dọ̀ bá lápá òsì. Wá wo ìṣirò rẹ báyìí."

Ọmọ náà wò ó. Ó mú bírò, ó kọ nọ́ńbà kan síhìn-ín, ó kọ òmíràn sọ́hùn-ún, ojú rẹ̀ sì là gbàgà. "Fihimt! Wallahi, ó ti yé mi!"

Inú Àlàájà Jelilat dùn lọ́jọ́ yẹn ju bó ṣe dùn rí ní gbogbo ọdún mẹ́rìnlá tó fi wà ní láàbù. Ó bi í pé, "Ṣé olùkọ́ yín ò ṣàlàyé ẹ̀ báyìí ni?"

"Mafi ustaza," ni Hikmah wí. Kò sí olùkọ́. "Ọdún méjì nìyí. Wọ́n ní ká máa kà á fúnra wa."

Ilé-ìwé kékeré kan tó jẹ́ ti àwọn ará ilé wa ní ìhà gúúsù Jẹ́dà ni Hikmah ń lọ. Àwọn ọmọ awakọ̀, àwọn ọmọ agbálẹ̀, àwọn ọmọ alásè ló kún ibẹ̀. Olùkọ́ tó bá débẹ̀ kì í pẹ́ kó tó ríbi tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti sáyẹ́ǹsì ló burú jù. Àwọn ọmọ yóò jókòó ṣe ìdánwò àṣekágbá láì di ìgò kan mú rí nínú láàbù.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé àwọn òbí, Àlàájà Jelilat bá ìyá Hikmah lọ. Ọ̀gá ilé-ìwé náà, Àlàájì Uthman, dìde, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ̀yin dókítà, ẹ̀yin ẹnjiníà, ẹ̀yin ará láàbù, ẹ wo àwọn ọmọ yìí. Ẹni tó bá gboyè sáyẹ́ǹsì, bí kò tiẹ̀ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ rí, ọ̀nà wà fún un láti di olùkọ́. Kì í ṣe pé ẹ ó padà lọ lo ọdún mẹ́rin ní yunifásítì. Ẹ bi Ameenah."

Ameenah dìde. Kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe fún iléeṣẹ́ kan fún ọdún mẹ́sàn-án kó tó di olùkọ́ ìṣirò nílé-ìwé náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni, kò ga, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìpàdé, ó bá Àlàájà Jelilat lẹ́nu ọ̀nà.

"Àlàájà, Hikmah ti sọ fún wa bí ẹ ṣe ń kọ́ ọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ bọ́ sí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sọ́dọ̀ mi lọ́jọ́ kan. Ibì kan wà lójú ọ̀nà yẹn tó máa ń dá èèyàn dúró. Màá sọ bí mo ṣe ṣe é."

"Màá wá, in shaa Allah," ni Àlàájà Jelilat wí.

Kò lọ o. Ó ń rò ó nínú ara rẹ̀ pé, kí ni ọmọ kékeré yìí fẹ́ sọ fún òun tóun ò lè kà fúnra òun? Àwọn àgbà ní ẹni tó bá béèrè kì í ṣìnà. Àlàájà mọ òwe náà dáadáa. Ó ti pa á fún Hikmah rí.

Ká má purọ́ mọ́ ọn, ojúlówó kọ́lẹ́ẹ̀jì ló forúkọ sílẹ̀ sí nílé, èyí tí ìjọba fọwọ́ sí, tó ń fi ẹ̀kọ́ orí kọ̀ǹpútà kọ́ àwọn tó ti gboyè tẹ́lẹ̀ bí a ṣe ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á wẹ̀, á jẹun, á sì jókòó ti ìwé. Gbogbo iṣẹ́ àmúṣe tí wọ́n fún un ló ṣe, ó sì gba máàkì gidi. Títí di ìgbà yẹn, kò sẹ́ni tó lè nàka àbùkù sí i.

Ìgbà tí lẹ́tà dé pé kó wálé wá dúró nínú kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kó máa kọ́ àwọn ọmọ lójú alábòójútó, ni ọ̀rọ̀ yí padà. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú Ramadan ló bọ́ sí, àkókò tí ilé ìwòsàn kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba líìfù. Àlàájà Jelilat ò béèrè líìfù. "Wọn ò ní gbà," ló wí. Ó bá wọn dáhùn ohun tí kò bi wọ́n.

Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, ó wọkọ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Mẹ́kà. Olùkọ́ ni Dókítà Abdulrauf ní yunifásítì tó wà ní Al-Abidiyah, lójú ọ̀nà Arafa, òpin ọ̀sẹ̀ ló sì máa ń wálé sí Jẹ́dà. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ dé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ aṣọ ìhírámù ni. Ó ti ṣe úmúrà fún àbúrò bàbá rẹ̀ tó kú lọ́dún tó kọjá.

"Mo ti ṣe ti Bàbá Ọ̀fà tán," ló wí. "Ó ku ti ìyá Kàmọ́rù. Wọ́n ti fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ láti ilé."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Ta ni nínú wa tó ń gbé níbí tí wọn kì í fi orúkọ ránṣẹ́ sí látilé? Ẹni tó kú kó tó débí, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò gbé e mọ́, àwa la máa ń bá wọn ṣe bádàlì, ká ṣe é lórúkọ wọn. Àlàájà Jelilat pàápàá ti ṣe Hájì fún ìyá rẹ̀ tó kú. Ohun rere ni, a ò ní yé ṣe é. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọgbọ́n òdì ti wọ obìnrin yìí lórí.

"Bàbá Mustaqeem," ló wí, "tí èèyàn bá lè ṣe Hájì fún ẹlòmíì, tí Ọlọ́run sì gbà á, kí ló máa wá dí Bánkẹ́ àbúrò mi lọ́wọ́ láti bá mi dúró ní kíláàsì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà péré?"

Ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó wo ojú rẹ̀ tó rí i pé kì í ṣe àwàdà, ó fi ẹ̀rín sílẹ̀.

"Èyí yàtọ̀ sí ìyẹn, Jelilat."

"Báwo ló ṣe yàtọ̀?"

"Òkú la ń ṣe é fún, tàbí ẹni tí ara rẹ̀ ò gbé e mọ́. Ìwọ yìí, ara rẹ le koko."

"Ara mi le, àyè ni ò sí. Gbogbo ìwé yẹn, ṣé èmi kọ́ ni mo kà á? Ìdúró lásán ló kù. Bánkẹ́ náà gboyè kẹ́mísìrì, a sì fojú jọra. Orúkọ mi náà ni yóò jẹ́."

Abdulrauf mọ̀ pé kò dáa. Olùkọ́ ni, ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́, kò sì fẹ́ ìjà nínú ìlú mímọ́. Ẹnu tó yẹ kó fi sọ pé rárá ló fi mu ṣáyì. Títí dòní ló ń sọ pé ife ṣáyì yẹn ṣì korò lẹ́nu òun.

Bánkẹ́ ni àbúrò tó tẹ̀ lé Jelilat. Ìlú Ògbómọ̀ṣọ́ ló wà, ó ń ta fóònù ní ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan, ìwé oyè rẹ̀ sì wà nínú àpótí láti ọdún mẹ́jọ tí kò ti ríṣẹ́ fi ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí o."

"Ẹ̀rù kí ni? Bádàlì ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Tí wọ́n bá mọ̀ ńkọ́?"

"Ta ló fẹ́ sọ fún wọn? Bánkẹ́, èmi ni mo ní kó o lọ."

"Kò burú, mà. Tẹ́ ẹ bá ti ní kí n lọ, màá lọ."

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ níbí. Àbúrò tí a tọ́ dáadáa kì í fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbọ́n lẹ́nu, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ ní ohun tó yẹ kó kọ̀. Ká ní Bánkẹ́ rí ẹnu kọ̀ ni, ìtàn yìí ì bá má wáyé.

Abúlé kan tí wọ́n ń pè ní Onídùúdú ni kọ́lẹ́ẹ̀jì rán an lọ. Ilé-ìwé girama ibẹ̀ kò ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì láti ìgbà tí èyí tó wà níbẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni Bánkẹ́ ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí Wásáàpù. Lọ́sẹ̀ kìíní, ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun, àwọn ọmọ sì ń fi òun rẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ kejì, ó ní alábòójútó bá òun wí pé pátákó lòun ń bá sọ̀rọ̀, òun ò kọjú sí àwọn ọmọ. Lọ́sẹ̀ kẹta, ohùn rẹ̀ yí padà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ o! Wọn ò ní láàbù, mo bá ní kí àwọn ọmọ kó eérú wá látilé. A rẹ eérú yẹn, a sẹ́ ẹ, a gbé e kaná pẹ̀lú àdín, ó di ọṣẹ! Ọmọ kan tí wọ́n ní kì í sọ̀rọ̀ ló ṣàlàyé fún gbogbo kíláàsì ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò. Ẹ̀gbọ́n mi, ó dà bíi pé iṣẹ́ tí wọ́n dá mi mọ́ nìyí."

Ní láàbù ni Àlàájà Jelilat ti gbọ́ ọ. Ó tẹ̀ ẹ́ kó máa sáré, bí a ti ń ṣe sí ohùn tó bá gùn jù, ó sì fi àwòrán àtàǹpàkò dá a lóhùn.

Sàtífíkéètì jáde lóṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà. Arìnrìn-àjò úmúrà kan ló bá a gbé e wá, láàárín ẹ̀gúsí àti irú gbígbẹ, ìwé náà sì ń rùn bí ọbẹ̀. Àlàájà fẹnu kò ó. Ó gbé e lọ fún Àlàájì Uthman lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀gá yọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òfin ni. "Àlàájà, ẹ ò tíì lè gba kíláàsì. Ó ku ìdánwò àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ nílé, ó ku láísẹ́ńsì. Íkámà tí ẹ fi ń gbé ìlú yìí, iṣẹ́ láàbù ló wà lórí ẹ̀. A gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé ìwòsàn yọ̀ǹda yín, ká yí i padà sí ti olùkọ́. Èmi náà á kọ̀wé sí kọ́lẹ́ẹ̀jì láti jẹ́rìí sí sàtífíkéètì yìí. Àmọ́ ẹ wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kí èmi àti Ameenah wo ọwọ́ yín."

Ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà ní kíláàsì náà. Hikmah jókòó níwájú, ó ti sọ fún gbogbo ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé kí wọ́n wá wo khala òun.

Àlàájà Jelilat mọ kẹ́mísìrì. Ṣùgbọ́n ọmọ kan nídìí tábìlì ìdáná yàtọ̀ sí ọmọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó kọjú sí pátákó, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń ka èsì àyẹ̀wò. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ohun gbogbo tó ní lọ́kàn ti tán. Ọmọ kan lẹ́yìn ní kò yé òun. Àlàájà tún un sọ bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, ó kàn gbóhùn sókè ni. Àwọn méjì ti ń tòògbé. Hikmah tẹjú mọ́ ìwé rẹ̀, kò gbójú sókè mọ́.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ameenah rọra bi í pé, "Àlàájà, ìwé ètò ẹ̀kọ́ yín dà?"

"Ó wà lórí mi."

"Nígbà ìdánrawò yín nílé, ṣé alábòójútó ò bá yín wí pé pátákó lẹ̀ ń bá sọ̀rọ̀?"

Àlàájà Jelilat rántí ohùn tí Bánkẹ́ fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ kejì. Wọ́n ti bá Bánkẹ́ wí. Òun ni wọn ò bá wí.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, Àlàájì Uthman ránṣẹ́ pè é. Ameenah wà nínú ọ́fíìsì pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀gá yí kọ̀ǹpútà rẹ̀ kó kọjú sí i.

Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti fi fáìlì ránṣẹ́. Fọ́tò kan wà nínú rẹ̀: Bánkẹ́ ló dúró níwájú pátákó, ṣọ́ọ̀kì funfun yí i lápá, ìkòkò kan wà lórí tábìlì, ọwọ́ àwọn ọmọ sì wà lókè lọ bẹẹrẹ. Bánkẹ́ ń rẹ́rìn-ín. Àlàájà Jelilat ò rí irú ẹ̀rín yẹn lójú àbúrò rẹ̀ rí láti kékeré.

"Ẹ jẹ́ n ka ohun tí alábòójútó kọ fún yín," ni Àlàájì Uthman wí. "'Ọdún mọ́kànlá ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ yìí. N kò tíì rí ẹni tó ń kọ́ ọmọ báyìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí Arábìnrin Jelilat yìí bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́.'" Ó gbójú sókè. "Àlàájà, ta nìyí?"

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu. "Bánkẹ́ àbúrò mi ni," ló wí.

"Kí ló dé?"

"Wọn ò ní fún mi ní líìfù ọ̀sẹ̀ mẹ́fà."

"Ṣé ẹ béèrè?"

Ó mi orí pé rárá. Ameenah fà á síbi àga, ó sì jókòó tì í.

"Àlàájà, ẹ wò ó. Èmi náà ò rí líìfù gbà. Mo kọ lẹ́tà kan ṣoṣo sí kọ́lẹ́ẹ̀jì tèmi pé Jẹ́dà ni mo wà, pé ilé-ìwé kan wà níbí tí kò ní olùkọ́, ṣé mo lè ṣe ìdánrawò mi níbẹ̀. Wọ́n ní kí ọ̀gá ilé-ìwé fọwọ́ sí i, wọ́n sì ń wò mí láti orí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí mi ò bá sí níbi iṣẹ́ ni mo ń wá. Ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin dípò ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ṣùgbọ́n mo ṣe é."

"Ibo lo ti ṣe é?"

"Níbí. Kíláàsì tí ẹ dúró sí lọ́jọ́sí."

"Ì bá jẹ́ Hikmah ni mo fi ń kọ́ṣẹ́," ni Àlàájà Jelilat wí. "Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Mo ní kẹ́ ẹ wá sọ́dọ̀ mi, Àlàájà."

Ohùn Ameenah ò le rárá nígbà tó sọ ọ́, ìyẹn ló sì dun Jelilat jù. Ó ní, "Mo rò pé bádàlì ni."

"Bádàlì, láàárín èèyàn àti Ọlọ́run ni. Èyí, láàárín wa àti ọmọ ọlọ́mọ ni. Iṣẹ́ tí Bánkẹ́ kọ́, ara Bánkẹ́ ló wà."

Àlàájì Uthman ní òun ò lè fi irọ́ dá kọ́lẹ́ẹ̀jì lóhùn, ṣùgbọ́n òun yóò dúró ọjọ́ mẹ́ta kí Àlàájà lè fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àlàájà Jelilat kọ̀wé náà, ó di gbogbo ẹ̀bi ru ara rẹ̀, ó bẹ̀bẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Kọ́lẹ́ẹ̀jì dúpẹ́ pé ó sọ òótọ́. Wọ́n gba sàtífíkéètì padà, wọ́n sì ní ọdún márùn-ún ni òun àti ẹni tó dúró fún un kò gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Ẹ̀bẹ̀ ò ran ti Bánkẹ́.

Nígbà yẹn, ọ̀gá ilé-ìwé Onídùúdú ti ń lọ ti ń bọ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba pé kí wọ́n gbé Arábìnrin Jelilat wá fún òun. Nígbà tó gbọ́ pé ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ kò wá sí abúlé òun rí, pé ẹni tó sì wá kò ní ìwé kankan lórúkọ ara rẹ̀, wọ́n ní ọkùnrin náà jókòó sábẹ́ igi títí ilẹ̀ fi ṣú.

Hikmah ṣe ìdánwò rẹ̀ láì ní olùkọ́ kẹ́mísìrì. Gbogbo Jímọ̀ ni Àlàájà ń bá a ka ìwé, ṣùgbọ́n ìdánwò tí wọ́n ń fọwọ́ ṣe pẹ̀lú ìgò àti iná, èèyàn ò lè kọ́ ọ lórí tábìlì ìdáná. Ibẹ̀ ló ti fìdí rẹmi. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló fẹ́ lọ kọ́ tẹ́lẹ̀.

"Ma'lesh, ya khala, ẹ pẹ̀lẹ́," lọmọ náà wí fún un, ó sì fọwọ́ gbá a lẹ́yìn pẹ́pẹ́. Ọmọ tó yẹ ká rẹ̀ lẹ́kún ló wá ń rẹ àgbà lẹ́kún.

Àlàájà Jelilat pe Bánkẹ́. Ó ti ń sá fún un láti ọ̀sẹ̀ méjì.

"Bánkẹ́, forí jì mí."

"Mo ti forí jì yín, Ẹ̀gbọ́n mi."

"Ìwọ náà gboyè kẹ́mísìrì. Orúkọ rẹ ló yẹ kí n fi sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ tí mo pè ọ́. Ká jọ ṣe é, ìwọ lọ́hùn-ún, èmi níhìn-ín. Kò sọ sí mi lọ́kàn rárá."

Bánkẹ́ sunkún díẹ̀. Ó ní, "Èmi náà ò mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ àfìgbà tí mo débẹ̀." Lẹ́yìn náà ló wá ní, "Àwọn ọmọ yẹn ń fi ohùn ránṣẹ́. Mi ò mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn. Ẹ bá mi gbọ́ ọ."

Ó fi í ránṣẹ́. Àlàájà Jelilat jókòó sórí ibùsùn, ó tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, kò jẹ́ kó sáré.

Ohùn ọmọ bí ogún ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ń jà sí fóònù. "Àǹtí Jelilat! Àǹtí Jelilat! Ìgbà wo lẹ̀ ń bọ̀? Ọṣẹ wa ti gbẹ. Ó ń hó dáadáa. Àǹtí Jelilat, a ò tíì rí tíṣà míì o."

Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè. Òun kọ́ ni wọ́n ń pè.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí. Ilé-ìwé tí ò ní olùkọ́ pọ̀, níbí àti nílé, ẹ̀yin tí ẹ ti fi ogún ọdún ṣe iṣẹ́ mìíràn sì ni ìmọ̀ tí wọ́n ń wá wà lórí yín. Má ṣe sọ pé o ti dàgbà jù. Bí o bá ti gboyè, wá kọ́lẹ́ẹ̀jì tí ìjọba fọwọ́ sí, kí o sì bi àjọ tó ń forúkọ olùkọ́ sílẹ̀ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n kí o tó forúkọ sílẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ ni kí o ka ìwé náà, ìwọ ni kí o dúró ní kíláàsì, ìwọ ni kí o ṣe ìdánwò, kí o sì gba láísẹ́ńsì. Ìwọ tí o wà níbí, má gba kíláàsì lórí íkámà iṣẹ́ mìíràn. Jẹ́ kí wọ́n yí i padà ná. Bí ibì kan bá dá ọ dúró, kọ lẹ́tà, béèrè, lọ bá ẹni tó ti gba ibẹ̀ kọjá, kódà bó jẹ́ àbúrò rẹ ní ọjọ́ orí. Ohun tó burú jù tí wọ́n lè sọ ni rárá, rárá kì í sì í gba sàtífíkéètì lọ́wọ́ ẹni.

Ìwọ tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá sì bẹ̀ pé kí o wá jẹ́ orúkọ òun, fi ọ̀wọ̀ sọ fún un pé o ò lè ṣe é. Bóyá ìwọ gan-an làwọn ọmọ kan ń retí. Jẹ́ kí wọ́n lè fi orúkọ rẹ pè ọ́.